Ẹ Má Bá Mi Pín Òtútù sí Méjì

Àárín kẹ̀! Bàbá Ìyápọ̀, àárín lẹ wí? Ẹnu yín yìí náà, ẹnu tó sọ ọ́ léṣìí, ló tún là tó ní, "Àtinúkẹ́, kí ni àárín ohun tí àwọn méjèèjì sọ?" Háà! Mo gbé! Ẹ jókòó. Ẹ má dìde o, mo fi orí bàbá mi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín bẹ̀ yín, ẹ má dìde. Ẹ ti kó òtútù ìdájí wọlé mi, ẹ ti fi fìlà bo etí méjèèjì, mo ti bu ẹ̀kọ gbígbóná fún yín, ẹ ó mu ún, ẹ ó sì gbọ́ tẹnu mi lónìí. Odindi ọdún kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Mo mọ ohun tó gbé yín wá. Ìyápọ̀ ọmọ yín bímọ láìpé oṣù, ọmọ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ilé ìwòsàn ní Ṣakí ti tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n wá ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí òtútù bá a lọ́nà. Ọyẹ́ sì ti dé. Ẹ wá fẹ́ kí n wo kọ̀ǹpútà, kí n sọ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò móoru fún yín. Kò burú. Ọmọ ò ṣẹ̀ mí, ìyá ọmọ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin ni mo ń bá wí! Ẹ ò tíì fi ìdí lé àga dáadáa tí ẹ fi ní kí n wá àárín.

Ta ló kọ́ yín pé wọ́n ń pín òtútù sí méjì? Ṣé ààlà oko ni, tí a ó gbin pèrègún sáàárín, tí oníkálukú yóò gba apá tirẹ̀? Bí ẹnìkan bá ní ejò wà nínú yàrá, tí ẹnì kejì ní kò sí, ṣé ààbọ̀ ejò lẹ ó wá wọlé lọ pa? Ẹ dá mi lóhùn!

Ẹ ní ẹ ti gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Èmi ò gbàgbé. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé.

Fadékẹ́ ló sọ wọ́n lórúkọ, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù mí kù lẹ́yìn tí bàbá àti ìyá wa lọ. Kọ̀ǹpútà méjì, ńlá ńlá, tó wà lókè òkun lọ́hùn-ún, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ibẹ̀, tí wọ́n ń ṣírò afẹ́fẹ́ gbogbo ayé, tí wọ́n sì ń sọ bí òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá yóò ti rí ní Ìlerò níbí, tí èmi ń rí i lórí fóònù mi. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í déédéé yí ohùn padà. Fadékẹ́ ní Ìyálé nìyẹn. Èkejì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, láàárọ̀ á ní ogún dígírì, lọ́sàn-án á ní mẹ́rìndínlógún, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ìyẹn ni Ìyàwó. Ẹ̀yin gan-an rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọmọ yìí ti mọ ilé ọkọ kó tó dé ibẹ̀.

Kì í ṣe eré ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n o! Ẹ̀jẹ̀ SS ló wà lára Fadékẹ́, fòní-kú-fọ̀la-dìde, ẹ mọ̀ bí òtútù ṣe ń ṣe é, bí egungun rẹ̀ ṣe máa ń dà á láàmú tí yóò fi ìka họ ẹní títí ẹní yóò fi ya. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwa tó ń gbin kájú bí a ṣe ń wo ojú ọjọ́ lórí fóònù, ní Ìṣẹ́yìn, àwọn yòókù ń bèèrè òjò, èmi ń bèèrè òtútù. Mo ra tẹmọ́mítà ní Ìbàdàn, mo gbé e kọ́ sábẹ́ òrùlé lẹ́yìnkùlé. Mo ra ìwé, mo fa ìlà sí i: ohun tí Ìyálé sọ ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ohun tí Ìyàwó sọ ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ohun tí tẹmọ́mítà rí nígbà tí ọjọ́ náà pé. Láràárọ̀, gbogbo ìgbà ọyẹ́, ọdún mẹ́rin gbáko! Fadékẹ́ ló ń kà á. Yóò wọ sílípáàsì, yóò lọ sẹ́yìnkùlé, pá, pá, pá, yóò ké e sí mi nínú ilé ìdáná, "Àǹtí mi, méjìdínlógún!" Yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì fi òòfà kékeré fa abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ padà. Nítorí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, Bàbá Ìyápọ̀, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, abẹ́rẹ́ irin kan wà nínú rẹ̀ tí òtútù ń tì lọ sísàlẹ̀, ibi tí òtútù bá tì í dé ló máa dúró sí, kì í padà fúnra rẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi fà á.

Ohun tí ìwé yẹn sọ kò ní pẹ́ rárá. Bí ọjọ́ bá ku mẹ́ta, àwọn méjèèjì kì í jìnnà síra wọn. Bí ó bá ti ju ìyẹn lọ, Ìyàwó fẹ́ràn ooru jù, òtútù kì í wọ̀ ọ́ lójú. Mi ò ní Ìyálé kì í purọ́ o! Lọ́dún kejì ó pariwo mẹ́rìnlá, mo da iná sí yàrá, mo kó aṣọ bo Fadékẹ́ mọ́lẹ̀, ó wá jẹ́ méjìdínlógún, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí iléyá fi dé. Ó ṣẹlẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú òwúrọ̀ mẹ́wàá tó tutù gidi, Ìyálé ti rí méje níbi tó ti ń bọ̀ lókèèrè. Méjì péré ni Ìyàwó rí. Mo gbé ìwé yìí kan náà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, mo ṣí i síwájú yín, ẹ ò tiẹ̀ wò ó!

Ọjọ́ ìpàdé ẹbí nìyẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí a sin Fadékẹ́ lọ sí Ìjìó, sí ilé Jímọ̀. Àwọn ará ilé Jímọ̀ ní àṣà ilé àwọn ni pé kí oòrùn má tíì mú nígbà tí ìyàwó bá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n lè fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé. Afárá sì ti já, mọ́tò ò lè kọjá, ọ̀kadà ni, láti ìdájí, wákàtí méjì ààbọ̀ nínú ọyẹ́. Mo kúnlẹ̀. Ṣé mi ò kúnlẹ̀? Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, Ìyálé ní mẹ́tàlá ni ìdájí Sátidé yẹn yóò jẹ́. Ẹ ní èkejì ńkọ́? Mo ní èkejì ní mọ́kàndínlógún, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé.

Kí lẹ ṣe? Ẹ wú ikọ́. Ẹ ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ẹ ní àwọn obìnrin méjì ló ń jà, ẹ ò lè gbe ìyálé kí ẹ dá ìyàwó lẹ́bi. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, mẹ́tàlá, mọ́kàndínlógún, ẹ rò ó pọ̀, méjìlélọ́gbọ̀n, ẹ pín in sí méjì. Mẹ́rìndínlógún! Gbogbo ilé ní àṣẹ. Ẹ ní mẹ́rìndínlógún ò pa ẹnikẹ́ni rí, kó wọ súwẹ́tà. Ẹ parí ìjà fún àwọn tí kò bá ara wọn jà! Ẹ gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀rọ tó wà lókè òkun bí ẹni gbọ́ ẹjọ́ orogún tó ń jà sí igbá ata!

Èmi náà dáhùn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Èmi Àtinúkẹ́ ní, "Ó dáa, ẹ̀yin àgbà ti sọ ọ́."

Ẹ dúró, kò tíì tán. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Ìyàwó fúnra rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ní mẹ́rìnlá! Àwọn méjèèjì ti ń wí ohun kan náà! Mo sáré bá yín nínú oko kájú, mi ò tiẹ̀ rántí wé gèlè. Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ? Ẹ ní ẹjọ́ tí a ti parí, a kì í tún un gbé dìde. Ẹ wá wò mí láti òkè délẹ̀, ẹ ní, "Àtinúkẹ́, ṣé kò sí nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé torí pé ìwọ ti di opó ni?"

Háà, Bàbá Ìyápọ̀! Ẹ fi ìyẹn dí mi lẹ́nu pátápátá. Ta ló tún máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Èmi tí mo tọ́ ọ dàgbà? Èmi ni mi ò fẹ́ kó lọ́kọ? Ọkùnrin mẹ́ta ló ti pẹ̀yìn dà nígbà tí wọ́n gbọ́ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Jímọ̀ nìkan ló ní òun gbọ́, òun ò sì lọ. Mo fẹ́ kó lọ! Mo kàn fẹ́ kó lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni!

Ìdájí Sátidé náà. Mo wà nínú ilé ìdáná, mo ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná. Mo gbọ́ sílípáàsì rẹ̀, pá, pá, pá. Ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ, mo rántí báyìí pé ó pẹ́. Ó wá ké sí mi, "Àǹtí mi, mẹ́rìndínlógún!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹjọ́ àgbà ti ṣẹ."

Ọkàn mi balẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó balẹ̀! Súwẹ́tà méjì ni mo ti wọ̀ fún un tẹ́lẹ̀, aṣọ òfì rẹ̀ ò gba méjì, mo ní, ó dáa, bọ́ ọ̀kan. Ọwọ́ mi yìí ló bọ́ ọ. Ẹ wò ó. Ọwọ́ yìí.

Ẹ mọ èyí tó kù, ẹ wà níbẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ lórí ọ̀kadà, a dé Ìjìó, ètè rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n bu omi tó ti sùn síta mọ́jú, ìyá Jímọ̀ ń ṣàdúrà, ó ń dà á sí i lẹ́sẹ̀, "Ẹsẹ̀ tútù ni o bá wọlé wa." Ẹsẹ̀ tútù! Gbogbo wa ṣe àmín. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, egungun ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́, a ti ń wá aṣọ funfun.

Kò sí ẹni tó pa á, ẹ wí? Àmúwá Ọlọ́run ni? Mo gbọ́. Ẹ máa gbọ́ tèmi náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, mo padà sílé, mo lọ sẹ́yìnkùlé. Mo wo tẹmọ́mítà. Abẹ́rẹ́ náà dúró sí mẹ́tàlá. Mo ní ojú mi ni. Mo nu ojú, mo tún wò ó. Mẹ́tàlá. Mo sáré lọ ṣí ìwé, mo bá ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ sápá òsì yẹn: mẹ́rìndínlógún.

Ẹ̀n? Ẹ ní bóyá lẹ́yìn tí a lọ tán ni òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sísàlẹ̀? Ẹ ṣeun. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Mo dì í mú bí ẹni di okùn kànga, ogójì ọjọ́ ni mo fi dì í mú. Mo ní òtútù ò tíì dé nígbà tó wò ó, Fadékẹ́ ò purọ́ fún mi rí, kò ní fi èyí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ ogójì, Jímọ̀ wá. Kò lè jẹun. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní, "Àǹtí, ó yẹ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan, ó ti fẹ́ pa mí." Ohùn Fadékẹ́ ni, tó fi ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù ní ìdájí yẹn, tí nẹ́tíwọ̀kì ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí di ọ̀sán. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Ó ní, "Jímọ̀, mẹ́tàlá ni o. Má sọ fún Àǹtí mi. Wọ́n ti bá Bàbá Ìyápọ̀ jà tán lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò fẹ́ kí ilé dàrú nítorí mi. Jọ̀ọ́, sọ fún Màmá kí wọ́n gbé omi ẹsẹ̀ kaná."

Kí wọ́n gbé omi ẹsẹ̀ kaná.

Ẹ má bo ojú. Ẹ ṣí ojú yín, Bàbá Ìyápọ̀, nítorí èmi náà ò rí ibi bo tèmi sí. Ó rí mẹ́tàlá, ó kọ mẹ́rìndínlógún. Nọ́ńbà yín ló kọ! Èyí tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ilẹ̀kùn, tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà kankan, tí kò sí nínú afẹ́fẹ́, tó jẹ́ pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín nìkan ló wà láyé! Ó kà á sí mi létí kí n má baà sùn sójú ọ̀nà níwájú ọ̀kadà, nítorí ó mọ̀ mí, ó mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ mẹ́tàlá, wọn ìbá gun orí mi kọjá ni.

Láti ìgbà náà, mi ò fa abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ lọ wò ó, ó wà níbẹ̀, ọdún kan, mẹ́tàlá. Mi ò kọ nǹkan kan sínú ìwé mọ́, torí bí mo bá kọ ọ́, mo ti gbà pé òótọ́ ni ohun tó wà lókè rẹ̀. Mi ò sì lè pa á rẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pa á rẹ́? Ohun tó kọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Bí ọyẹ́ sì ṣe dé lọ́dún yìí, Bàbá Ìyápọ̀, mo ń gbọ́ ọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, orí mi pé. Láàárọ̀ kùtù, bí wọ́n bá ti pe ìrun tán, mo ń gbọ́ sílípáàsì lẹ́yìnkùlé, pá, pá, pá, á dé ibi ògiri, á dákẹ́. Á pẹ́. Mo máa ń jókòó sétí iná, mo máa ń dúró kó ké e sí mi. Kì í ké. Mo bá jáde, kò sí ẹnìkan, eruku ọyẹ́ lásán. Ó ń wá kà á ni, mo mọ̀. Abẹ́rẹ́ ò jẹ́ kó rí nǹkan mìíràn kà ju èyí tó fi pa mọ́ fún mi.

Ẹ tún wá jókòó síbí, ẹ ní kí n wá àárín fún ọmọ jòjòló!

Ó tó. Mi ò ní fi ọmọ ọlọ́mọ gba ẹ̀san. Láti àná tí mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dá wọn sílẹ̀ ni mo ti ṣí ojú ọjọ́ wò lórí fóònù, àkọ́kọ́ láti ọdún kan. Ọjọ́rú, ẹ gbọ́ mi? Ọ̀túnla. Kì í ṣe ìdájí, ọ̀sán gangan, nínú mọ́tò tí fèrèsé rẹ̀ pa dé, kì í ṣe ọ̀kadà. Ìyálé àti Ìyàwó ti fi ẹnu kò lórí ìyẹn, ooru ni. Bí Ọjọ́rú bá kọjá, kí wọ́n jókòó sí Ṣakí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyálé ní mẹ́rìnlá ni ìdájí Sátidé, Ìyàwó ní mọ́kàndínlógún. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ṣọ́ọ̀kì lórí ìyẹn nínú ilé yín, ẹ gba ṣọ́ọ̀kì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé e jẹ!

Níbo lẹ ń lọ? Mo ní kí ẹ jókòó. Mo ti fún yín ní tiyín, ẹ fún mi ní tèmi. Ìwé nìyí. Bírò nìyí. Ojú ewé náà nìyí, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ní ẹ ò mú awò ojú wá? Léṣìí tí ẹ ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, awò ojú wo lẹ wọ̀? Ẹ má pa tirẹ̀ rẹ́ o! Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbí, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ síbẹ̀, mẹ́tàlá, kí n lè lọ mú òòfà, kí n fa abẹ́rẹ́ yẹn padà, kí ó yé rìn nínú òtútù.

Ẹ kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ rọra, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí bírò kan tirẹ̀.

Ẹ wá kà á sókè báyìí, Bàbá. Ẹ ké e, bí òun ṣe máa ń ké e. Ẹ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé kí ẹ tó ké e.